Ọ̀nà Wo Ni Ká Gbà Gbé Àwòrán Gba Inú Wáyà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ìfiwéra fún Ilé Ìjọsìn, Ilé Ìwòran Bọ́ọ̀lù àti Ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tó bá wọ àwọn gbọ̀ngàn ńlá ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí, ìbáà jẹ́ ilé ìjọsìn, ilé ayẹyẹ tàbí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó fara pamọ́ sẹ́yìn títì Lágere, yóò rí i pé ibi tí àwòrán ti ń wá àti ibi tí àwọn èèyàn ti ń wò ó kì í sábà sún mọ́ra. Kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, pùrójẹ́kítọ̀ sì wà lókè lọ́hùn-ún níwájú; dìkódà wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa nítorí afọwọ́rá, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta sì wà níta níbi tí àwọn òǹwòran jókòó sí. Wáyà HDMI (èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn láti ara ẹ̀rọ lọ sí tẹlifíṣọ̀n) tó máa ń wà nínú páálí kì í sábà ju mítà 2 lọ, èyí tó sì gùn dé mítà 15 ti máa ń nípọn bí okùn ìfami, orí rẹ̀ kò sì ṣeé tì gba inú páìpù ògiri. Ìdí nìyí tí àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń sá di wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn Cat5e tàbí Cat6, tó tinrín, tó rọrùn láti fà, tó sì wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń tà láti fi gbé àwòrán gba inú wáyà yìí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ẹ dé ọjà, ẹ ní ẹ fẹ́ ohun tó ń fi Cat6 gbé HDMI, wọ́n lè kó páálí mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú yín, kí gbogbo wọn sì dà bí ọmọ ìyá kan náà: àpótí dúdú kéékèèké méjì-méjì, ihò HDMI lápá kan, ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lápá kejì. Síbẹ̀ iṣẹ́ inú wọn yàtọ̀ síra pátápátá, owó wọn sì fi ìlọ́po púpọ̀ ju ara wọn lọ. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò ra èyí tó wọ́n jù láìnídìí, tàbí kó ra èyí tó pọ̀ jù lọ́jà kó sì padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n

Èkíní ni gígùn ọ̀nà, kì í sì í ṣe gígùn tí ojú rí. Nígbà kan tí mo lọ ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn ìjọsìn kan ní Iléṣà, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi ní láti ibi ẹ̀rọ dé ẹ̀yìn pẹpẹ kò ju mítà 30 lọ. Òótọ́ ló sọ, bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ la fẹ́ fi rìn ín. Ṣùgbọ́n wáyà kì í rìn láàárín gbọ̀ngàn: ó gun ògiri wọ inú àjà, ó tọ etí ilé lọ yípo kó má baà kọjá lára àwọn fáànù, ó tún sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn pẹpẹ. Nígbà tí a fà á tán, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára èèpo wáyà fi hàn pé mítà 57 ni a ti lò. Àpótí tí mo gbé lọ, tí wọ́n kọ mítà 50 sí lára, ń gbé àwòrán jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn, á tún padà wá. Èmi náà ni mo padà sọ́jà lọ ra òmíràn, àpò mi ló sì ti jáde. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka nọ́ńbà ara èèpo yẹn kí n tó ra ohunkóhun. Odindi páálí wáyà jẹ́ mítà 305, kò sì ṣòro láti fi nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ yọ kúrò lára nọ́ńbà ìparí.

Èkejì ni iye ojú tí àwòrán yóò ti jáde. Ọ̀tọ̀ ni kí kọ̀ǹpútà kan bá pùrójẹ́kítọ̀ kan sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni kí dìkódà kan bọ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà.

Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí béèrè, ni bí àwòrán ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé. Bí ẹni tó ń wàásù bá wà níwájú wa gan-an, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú pùrójẹ́kítọ̀, kí ètè tó wà lójú àwòrán máa tẹ̀lé ohùn bí elégbè jẹ́ ohun tí yóò máa yọ gbogbo ìjọ lẹ́nu. Bí àwòrán kan náà bá ń lọ sí gbọ̀ngàn kejì níta, tí ohùn náà ń bá a lọ nínú wáyà kan náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó pẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni iná àti ààrá. Kí ẹ bi ara yín pé: àpótí mélòó ló nílò iná, ṣé iná wà níbi tí wọ́n máa dúró sí, ṣé wáyà náà yóò sì fi inú ilé kan sílẹ̀ lọ sí ilé mìíràn? Owó ni mo fi ṣe ẹ̀karùn-ún, kì í ṣe nítorí pé kò ṣe pàtàkì, bí kò ṣe nítorí pé ìdáhùn àwọn mẹ́rin ìṣáájú ló máa sọ iye tó yẹ kí ẹ ná.

Wáyà fúnra rẹ̀ ṣáájú àpótí

Kí n tó fi àpótí wé àpótí, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa wáyà, torí pé nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè mí láti wá tún ṣe, ẹ̀bi wáyà máa ń pọ̀ ju ẹ̀bi àpótí lọ.

Wáyà wẹ́wẹ́ 8 ló wà nínú Cat5e àti Cat6, a sì lọ́ wọn ní méjì-méjì títí wọ́n fi di mẹ́rin; àwọn oníṣẹ́ ń pe méjì kọ̀ọ̀kan ní péà. Lílọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àmì kan náà ni a ń gbé sórí wáyà méjèèjì, àmọ́ èyí tó wà lórí ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ti èkejì. Nígbà tí ariwo láti ara jẹnẹrétọ̀ tàbí wáyà iná bá wá láti ìta, ó máa ń kọlu méjèèjì bákan náà nítorí pé wọ́n ti lọ́ mọ́ra. Ẹ̀rọ tó wà ní ìparí á yọ ti ọ̀kan kúrò lára ti èkejì, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, àmì nìkan á sì kù. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Alexander Graham Bell ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1881 nítorí tẹlifóònù.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹ ó rí ìdí tí kò fi dára kí ẹni tó ń tẹ orí RJ45, ìyẹn orí tí wọ́n ń fi sí etí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kàn máa to àwọ̀ bó ṣe wù ú, tí á ní ìgbà tó jẹ́ pé òpin méjèèjì bára mu, kò sí wàhálà. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní T568B, àwọ̀ tò báyìí láti ihò kìíní dé ìkẹjọ: funfun-olómi-ọsàn, olómi-ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-buráùn, buráùn. Ẹ wo ewé: ihò kẹta ni ọ̀kan wà, ìkẹfà sì ni èkejì, búlúù sì jókòó sáàárín wọn. Ó dà bí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ihò kẹta àti ìkẹfà ni ẹ̀rọ kà sí péà kan. Ẹni tó bá to àwọ̀ ní títò tara rẹ̀ ti gba ìyàwó ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ ìdánwò kékeré oníná wẹ́wẹ́ mẹ́jọ á sọ pé gbogbo rẹ̀ dára, àwòrán á sì máa já. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ àpótí lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó tún burú jù ni wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára, tí wọ́n sì kọ Cat6 sí. Ìlànà tó sọ ohun tí Cat6 jẹ́ kò gbà á láyè rárá. Bàbà gidi ló béèrè. Ẹ fi ọ̀bẹ họ wáyà wẹ́wẹ́ kan: bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹ̀yìn rẹ̀, bàbà ni, bí ó bá funfun bí ìkòkò alumí, ẹ dá a padà. Ẹ tún lè gbé páálí náà wò, nítorí pé alumíníọ̀mù fúyẹ́ ju bàbà lọ gan-an, èyí tí wọ́n bò yìí sì máa ń ṣẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síwá-sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Bó ṣe ń dí iná lọ́nà fi bí ìlàjì ju ti bàbà lọ, ìyà rẹ̀ yóò sì hàn kedere nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ káàmẹ́rà.

Àpótí aláìlọ́pọlọ tó ń lo wáyà méjì

Èyí ló rọ̀ lówó jù, torí náà òun ló pọ̀ jù lọ́jà. Mo pè é ní aláìlọ́pọlọ nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó ń ronú nínú rẹ̀. HDMI ní péà mẹ́rin tó ń sáré gan-an, tó ń gbé àwòrán àti ohùn, ó sì tún ní àwọn wáyà tó ń rọra lọ, tí tẹlifíṣọ̀n fi ń sọ fún dìkódà irú àwòrán tó lè gbé jáde. Àpótí yìí kàn kó péà mẹ́rin tó ń sáré sínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ó sì kó ìyókù sínú èkejì. Ìdí nìyí tó fi ní ihò méjì, ìdí sì nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ ṣi wọ́n kì: bí ti ọ̀tún bá lọ sí òsì, ojú tẹlifíṣọ̀n kò ní sọ nǹkan kan.

Wọ́n lè kọ mítà 30 sí páálí rẹ̀. Ohun tí mo rí lójú iṣẹ́ ni pé fún àwòrán 1080p (èyí tí wọ́n ń pè ní Full HD), mítà 15 ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ dé; bó bá ti kọjá 20, ó di orí-ló-mọ̀. Agbára tó ń lò kò wá láti ibòmíràn ju ara dìkódà tàbí kọ̀ǹpútà lọ, torí náà kọ̀ǹpútà kan lè gbé e dáadáa kí òmíràn má lè gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n láti pálọ̀ lọ sí yàrá kejì kò ṣe àṣìṣe bó bá rà á. Mi ò ní fi í sí gbọ̀ngàn tí èèyàn 300 yóò jókòó sí láéláé.

Àpótí oníwáyà kan tó dá dúró

Èyí ní ẹ̀rọ tó ń ronú nínú. Ó ń gba HDMI, ó ń tún un ṣe kó lè gba inú wáyà kan ṣoṣo, ó sì ń gbé e dé mítà 50 tàbí 60 ní 1080p. Àpótí tó wà lọ́dọ̀ tẹlifíṣọ̀n nílò iná tirẹ̀ nínú àwọn kan. Nínú àwọn mìíràn, àpótí ìbẹ̀rẹ̀ ló ń fi iná ránṣẹ́ sí ìkejì nínú wáyà kan náà, èyí tó dára gan-an fún pùrójẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sókè àjà níbi tí ihò iná kò pọ̀. Àwòrán kì í pẹ́ rárá, kò sì pàdánù ohunkóhun.

Fún onílé ìwòran bọ́ọ̀lù, ohun kan wà lára rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé iná rìmóòtù padà. Ojú kékeré kan á wà lọ́dọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan á sì dojú kọ dìkódà nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ẹni tó dúró níta lè fi rìmóòtù yí ìkànnì padà láìṣílẹ̀kùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni pé ihò RJ45 rẹ̀ kì í ṣe ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì bó tilẹ̀ jọ ọ́. Láti àpótí dé àpótí ni wáyà gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Ẹ má ṣe kì í sínú swíìṣì (àpótí tó ń so ọ̀pọ̀ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀), pàápàá èyí tó ń fi iná ránṣẹ́, kí ẹ má baà fi iná rẹ̀ ba swíìṣì jẹ́. Ohun kejì ni àṣírí tí àwọn dìkódà ń fi sára àwòrán kí ẹnikẹ́ni má baà dà á kọ, ìyẹn HDCP. Bí àpótí kò bá gba HDCP, kọ̀ǹpútà yóò gba inú rẹ̀ jáde dáadáa, dìkódà yóò sì fi yín sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Ẹ gbé dìkódà yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà kí ẹ dán an wò níbẹ̀. Òǹtajà tó bá kọ̀ fún yín ti dá yín lóhùn.

HDBaseT

HDBaseT náà jẹ́ oníwáyà kan tó dá dúró, ṣùgbọ́n ìlànà tí gbogbo ayé mọ̀ ló ń tẹ̀ lé. LG, Samsung, Sony Pictures àti Valens ló dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o sílẹ̀ ní 2010. Nínú wáyà Cat6 kan, ó lè gbé àwòrán, ohùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àṣẹ ìdarí àti iná, ó sì lè lọ dé mítà 100. Àwọn tó kéré lówó nínú wọn ń dé nǹkan bíi mítà 70 fún 1080p àti mítà 40 fún 4K (àwòrán tó mọ́ kedere ju 1080p lọ), nítorí náà ẹ ka ara páálí dáadáa. Orúkọ HDBaseT nìkan kò sọ pé mítà 100 lẹ rà.

Kò fún àwòrán pọ̀, kò sì jẹ́ kó pẹ́ tó ohun tí ojú èèyàn lè mọ̀. Ohun tí àpótí olówó pọ́ọ́kú kò ní tí òun ní ni pé àpótí ilé-iṣẹ́ kan sábà máa ń gbọ́ èdè ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, àwọn pùrójẹ́kítọ̀ ńlá kan sì wà tí wọ́n ti kọ́ HDBaseT mọ́ lára, tó fi jẹ́ pé àpótí kan ṣoṣo lẹ máa rà. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tó tó Oduduwa Hall ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ọ̀nà wáyà lè gùn dé mítà 80 kó tó dé iwájú, èmi kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi orúkọ ara mi dúró fún láìlo fáíbà, ìyẹn wáyà gíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni.

Owó rẹ̀ ni ìdènà. Ó fi ìlọ́po mélòó kan ju àpótí tí mo sọ ṣáájú lọ, kò sì ní ṣàánú fún wáyà tí kò dára, torí gbogbo agbára tó wà nínú wáyà náà ló ń lò. Ẹni tó ra HDBaseT tó sì fi wáyà alumíníọ̀mù so ó dà bí ẹni tó ra mọ́tò tuntun tó sì ń rọ epo olómi sí i.

Àpótí tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn wọ̀nyí. Àwòrán 1080p tó ń jáde nínú HDMI nílò gígabíìtì 4.46 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé kò sì ju gígabíìtì 1 lọ. Nítorí náà àpótí yìí á kọ́kọ́ fún àwòrán náà pọ̀, ní ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní H.264 lọ́pọ̀ ìgbà, á wá fi í ránṣẹ́ bí ìsọfúnni kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè gba inú swíìṣì kọjá. Olùránṣẹ́ kan lè bọ́ olùgbà mẹ́fà tàbí mẹ́wàá, bí mítà 100 bá sì tán, swíìṣì kan láàárín á fún yín ní 100 mìíràn.

Ohun tí ẹ máa fi gbà á ni pípẹ́. Fífún pọ̀ gba àsìkò, títú ká náà gba àsìkò, nínú èyí tó rọ̀ lówó ó sì lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré létí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nílé ìwòran bọ́ọ̀lù kan. Ọkùnrin tó ni ín so tẹlifíṣọ̀n inú ilé mọ́ dìkódà tààrà, ó sì fi àpótí yìí gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n méjì níta. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ wọlé, àwọn tó wà nínú ilé á ti pariwo kí agbábọ́ọ̀lù tó gbá a lójú àwọn tó wà níta. Owó kan náà ni gbogbo wọn san. Lọ́sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó síta mọ́. Àpótí náà kò bàjẹ́ rárá. Ohun tó kù tí a ṣe ni pé a so olùgbà kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú ilé náà, kí gbogbo wọn lè jọ pẹ́ bákan náà. Ariwo wá di ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ má sì ṣe so ó mọ́ swíìṣì tí ilé iṣẹ́ yín fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tó fi ń bọ́ ọ̀pọ̀ olùgbà lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí swíìṣì lásán máa da àwòrán náà sí gbogbo ihò, kí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé sì máa fà. Swíìṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ojútùú tó rọrùn jù. Èyí tó ní IGMP snooping, tó ń jẹ́ kí àwòrán lọ sí kìkì ihò tó bá béèrè rẹ̀, ni ojútùú tó péye.

Káàmẹ́rà ààbò: balun tàbí PoE?

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù lágbègbè ọjà Atakúnmọ́sà ní Iléṣà àti àwọn onílé ní Ifẹ̀ ló sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí, owó kékeré kọ́ ló sì ń bá a rìn, torí náà màá dúró díẹ̀ níbí.

Káàmẹ́rà àtijọ́ àti àwọn AHD, TVI àti CVI, ìyẹn oríṣi káàmẹ́rà tí kì í lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ń lo wáyà bíi ti dìṣì sátẹ́láìtì, tó jẹ́ ohm 75 (ohm yìí jẹ́ ti bí wáyà ṣe ń gbé àmì, kì í ṣe ti bó ṣe ń dí iná lọ́nà). Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ ohm 100. Balun ni ohun kékeré tí a fi ń so wọ́n pọ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ káàmẹ́rà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀. Káàmẹ́rà kan ń lo péà kan péré, èyí tó túmọ̀ sí pé Cat5e kan lè gbé àwòrán káàmẹ́rà mẹ́rin bí iná wọn bá wá láti ibòmíràn. Kò sí àpótí tó rọ̀ lówó tó o, kò nílò iná, àwòrán rẹ̀ sì ń dé ibi tó jìnnà ju mítà 100 lọ.

Iná tí káàmẹ́rà fúnra rẹ̀ nílò ni ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lo péà tó ṣẹ́ kù láti fi gbé volt 12 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wáyà wẹ́wẹ́ kan nínú Cat5e ń dí iná lọ́nà dé nǹkan bí ohm 9.4 ní mítà 100. Bí káàmẹ́rà bá wà ní mítà 50, àlọ àti àbọ̀ di ohm 9.4. Bí káàmẹ́rà bá ń fa ampere 0.5, volt 4.7 yóò ṣòfò sójú ọ̀nà, volt 7.3 péré ni yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n bò ni, ohun tó máa dé ibẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi volt 5 lọ. Ní ọ̀sán, nígbà tí iná pupa tó fi ń ríran lóru kò tíì tàn, káàmẹ́rà kì í fa tó bẹ́ẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́. Oníbàárà á sanwó, oníṣẹ́ á lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí iná pupa tàn, agbára kò tó mọ́: ó kú, iná pupa pa, ó jí, ó tún tan iná pupa, ó tún kú. Bẹ́ẹ̀, òru gan-an ni olè ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ lo balun, ẹ lo péà méjì pọ̀ fún iná, tàbí kí ẹ fi iná sí ìtòsí káàmẹ́rà.

Káàmẹ́rà PoE, tí iná àti àwòrán rẹ̀ jọ ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, sá fún gbogbo èyí nípa gbígbé volt gíga, bíi 48, dípò 12. Iṣẹ́ watt 6 kan náà kò nílò ju ampere 0.125 lọ, ó sì ń gba inú péà méjì. Ní mítà 50 kan náà, ohun tó ń ṣòfò kò tó volt 1. Ìlànà PoE tí wọ́n ń pè ní 802.3af ti 2003 fún swíìṣì láyè láti fi watt 15.4 ránṣẹ́ sínú wáyà kan, èyí tó sì tó fún káàmẹ́rà tí kì í yí ọrùn. Ẹ tún wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa níhìn-ín: bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ kò ní máa wá bátìrì fún káàmẹ́rà mẹ́jọ níbi mẹ́jọ, ẹ so swíìṣì kan àti ẹ̀rọ ìgbàsílẹ̀ mọ́ ìnfátà, gbogbo rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ. Mítà 100 ni òpin rẹ̀, owó káàmẹ́rà kọ̀ọ̀kan sì ga díẹ̀.

Nípa ààrá

Wáyà bàbà tó bá jáde láti ilé kan lọ sí òmíràn lábẹ́ òjò Ifẹ̀ ń pe àlejò tí kò dára. Kò pọn dandan kí ààrá bọ́ lé wáyà náà; bó bá sán nítòsí, iná tó kọjá nínú ilẹ̀ lè mú kí ilẹ̀ ilé kan àti ti èkejì yàtọ̀ ní agbára, wáyà yín á sì di afárá láàárín wọn. Àwọn ohun ìdáàbòbò kékeré tí wọ́n ń kì sí etí wáyà wúlò níwọ̀n bí wọ́n bá so wọ́n mọ́ ilẹ̀ gidi. Láàárín ilé méjì, mo máa ń sọ fún àwọn tó pè mí pé kí wọ́n ra fáíbà, torí pé gíláàsì kì í gbé iná.

Ta ni kó ra èwo?

Ẹni tó ń gbé àwòrán láti yàrá kan sí ìkejì nínú ilé tara rẹ̀, tí wáyà rẹ̀ kò ju mítà 15 lọ, lè ra àpótí oníwáyà méjì kó sì fi owó tó kù ra bàbà gidi.

Ilé ìjọsìn tí gbọ̀ngàn rẹ̀ kò tóbi jù, tí wáyà rẹ̀ wà láàárín mítà 20 àti 45, tí pùrójẹ́kítọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan, àpótí oníwáyà kan tó dá dúró ló bá a mu. Kó ra èyí tí wọ́n kọ mítà 60 sí, kì í ṣe 50, nítorí ohun tí mo ti jìyà rẹ̀. Bó bá kọjá mítà 50, tàbí tó bá jẹ́ pé 4K ni wọ́n fẹ́, tàbí tí ìnáwó náà kò ní ṣeé tún ṣe fún ọdún mẹ́wàá, HDBaseT ni kí wọ́n dúró dè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ yóò ní láti dá owó lẹ́ẹ̀kejì. Gbọ̀ngàn kejì tó wà níta fún àwọn tí àyè kò gbà lè lo èyí tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, pẹ̀lú fáíbà láàárín ilé méjèèjì.

Onílé ìwòran tó ní tẹlifíṣọ̀n kan tàbí méjì kó lo àpótí tó dá dúró, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò pé ó gba HDCP àti rìmóòtù. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin sókè, kó lo ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n sì gba inú rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó ra PoE. Ẹni tó ti ní káàmẹ́rà AHD tó ṣì dára, tí kò sì fẹ́ dà á nù, kó lo balun pẹ̀lú iná nítòsí káàmẹ́rà. Kó sì dúró ti oníṣẹ́ náà di aago mẹ́jọ alẹ́, kí iná pupa tàn lójú wọn méjèèjì, kó tó san owó tó ṣẹ́ kù.